Bẹ́ẹ̀dì tí Gọ́ọ̀mù Rẹ̀ Kò Tíì Gbẹ

Kíákíá fi ọ̀bẹ gé rọ́bà àkọ́kọ́. Rọ́bà náà fò, ó nà án lọ́wọ́ bí pàṣán. Kò dúró fọwọ́ ra á. Ó mú ìkejì.

"Yára!" Pẹ́ńpẹ́, ọ̀rẹ́ rẹ̀, dúró lẹ́nu ọ̀nà ṣọ́ọ̀bù káfíńtà, ó ń yọjú síta. "Bí bàbá yìí bá ká wa mọ́bí, ìwọ ni màá nàka sí o."

"Wá bá mi dì í mú, kí o yé pariwo."

Bẹ́ẹ̀dì ọmọ ọwọ́ ló wà nílẹ̀ láàárín wọn, pákó àtijọ́ tí wọ́n ṣẹ̀ṣẹ̀ nù mọ́. Rọ́bà tí wọ́n gé lára táyà ni Bàbá Káfíńtà fi dì í ní gbogbo igun, ó dì í pinpin bí ẹni ń di ẹrù ọ̀nà jíjìn. Àárọ̀ ọjọ́ náà ló fi gọ́ọ̀mù sí oríkèé rẹ̀. Ó sì ti kìlọ̀ fún Kíákíá lẹ́ẹ̀mejì.

"Má tú rọ́bà yìí di ọ̀sán ọ̀la. Ojú rẹ̀ á gbẹ, inú rẹ̀ ò ní tíì gbẹ. Gọ́ọ̀mù kì í gbọ́ ẹ̀bẹ̀, ọmọ mi."

Lẹ́yìn náà ló gbé àpótí irinṣẹ́ rẹ̀, ó lọ kan ilẹ̀kùn sí ilé kan ní ìpẹ̀kun àdúgbò.

Ṣùgbọ́n ìrọ̀lẹ́ òní ni àlejò ń bọ̀. Ọ̀la jìnnà.

Kíákíá gé rọ́bà tó kù. Ó fọwọ́ mi bẹ́ẹ̀dì náà. Kò yẹ̀.

"Ṣé o rí i? Ó ti mú."

"Ó ti mú bí eyín ọmọ ọlọ́dún mẹ́fà," ni Pẹ́ńpẹ́ wí. Àwọn méjèèjì bú sẹ́rìn-ín. Wọ́n gbé e, ọ̀kan níwájú, ọ̀kan lẹ́yìn, wọ́n sáré gba títì kọjá bí ẹni tó jí ewúrẹ́ gbé.

Ìyá Kíákíá ló sọ ọ́ ní Kíákíá, nítorí ara rẹ̀ kì í balẹ̀. Bàbá rẹ̀ ti kú. Ìyá rẹ̀ ń ránṣọ. Yàrá ẹ̀yìn ọgbà ni àwọn méjèèjì ń gbé. Ilé tí bàbá kọ́ síwájú ṣófo. Bàbá Àgbà, ẹ̀gbọ́n bàbá rẹ̀, fẹ́ tà á.

"Ilé tí kò lè bọ́ ara rẹ̀, ẹrù ni," ni Bàbá Àgbà wí.

Ìyá bẹ̀ ẹ́ títí. Ó ní kí ó jẹ́ kí òun máa fi ilé náà gba àwọn tó ń wá lo ìsinmi nílùú. Bàbá Àgbà gbà, ṣùgbọ́n ó là á mọ́lẹ̀: bí àlejò kò bá dúró ní àkókò ìsinmi yìí, òun yóò ta ilé náà kí ilé-ìwé tó wọlé.

Ìyá dáwọ́ lé e. Ó rán aṣọ fèrèsé fúnra rẹ̀. Ó rán àpò ìrọ̀rí. Ó ra táwẹ̀lì tó nípọn, ó sì fọ̀ ọ́ kí ó tó ká a sórí bẹ́ẹ̀dì, nítorí táwẹ̀lì tuntun kì í gba omi lára. Ó tún ṣe ohun kan tí ẹlòmíràn kò ní ṣe. Ó sùn ní yàrá kọ̀ọ̀kan, ní ọ̀kọ̀ọ̀kan, bí ẹni pé òun ni àlejò, kí ó lè mọ ohun tí ọwọ́ yóò wá tí kò ní rí. Bí àtùpà ṣe dé ẹ̀gbẹ́ bẹ́ẹ̀dì nìyẹn. Bí ìkọ́ táwẹ̀lì ṣe dé balùwẹ̀ nìyẹn, àti kẹ́tù sí yàrá, kí ẹni tó fẹ́ mu tíì má baà rìn dé ilé ìdáná.

Kíákíá ló mọ fóònù lò dáadáa, òun ló gbé ilé náà sórí íńtánẹ́ẹ̀tì. Ọ̀rọ̀ kan ṣoṣo ni ìyá rẹ̀ bá a sọ.

"Ohun tí a ní ni kí o kọ. Ohun tí a kò ní, àlejò á fojú ara rẹ̀ rí i."

Pẹ́ńpẹ́ jókòó tì í lọ́jọ́ náà. Ojú ìwé náà ń béèrè ohun tó wà nílé: wáì-fáì, áyọ́ọ̀nù, fíríìjì. Bí o bá ní in, kí o fi àmì sí i.

"Fi àmì sí bẹ́ẹ̀dì ọmọ ọwọ́."

"A ò ní."

"Ta ló bi ọ́? Ilé tó bá ní nǹkan púpọ̀ ni wọ́n ń kọ́kọ́ fi hàn èèyàn. Gbogbo wọn ló ń ṣe é. Ta ló sì fẹ́ gbé ọmọ ọwọ́ wá síbi tó jìnnà báyìí?"

Ìka Kíákíá yá ju ọpọlọ rẹ̀ lọ. Ó fi àmì sí i.

Tọkọtaya kan gba ilé náà. Inú Ìyá dùn. Àfi bí wọ́n ṣe fi ọ̀rọ̀ ránṣẹ́ nígbà tó ku ọ̀la: "Bẹ́ẹ̀dì ọmọ tí ẹ ní ló jẹ́ kí a yan ilé yín. A ò ní gbé tiwa wá mọ́."

Kíákíá yára pa fóònù náà. Kò sọ fún ìyá rẹ̀. Ó rántí pé bẹ́ẹ̀dì tí wọ́n fi tọ́ òun wà nínú ahéré ẹ̀yìn ọgbà, tí oríkèé rẹ̀ ti yẹ̀. Nígbà tí ilẹ̀ mọ́, tí Ìyá lọ fi aṣọ fún oníbàárà, ó gbé e lọ bá Bàbá Káfíńtà.

Ìyá ń tẹ́ bẹ́ẹ̀dì lọ́wọ́ nígbà tí wọ́n gbé e wọlé.

"Háà! Bẹ́ẹ̀dì rẹ ìgbà kékeré! Ta ló tún un ṣe?"

"Bàbá Káfíńtà ni, Màámi. Àwọn àlejò ní àwọn ń gbé ọmọ bọ̀."

"Ó ní ó ti ṣeé lò?"

"Ó ní ó ti ṣeé lò."

Ìyá rẹ́rìn-ín músẹ́. "O ṣeun, ọmọ mi. O ti gbọ́n."

Kíákíá kò wo ojú ìyá rẹ̀. Kò lè jókòó. Ó ká táwẹ̀lì tí wọ́n ti ká. Ó tan iná, ó pa á. Ó jáde, ó wọlé, ó tún jáde.

"Ṣé ìjàlọ ló wọ̀ ọ́ láṣọ ni?" Ìyá bi í. "Jókòó, o ń da afẹ́fẹ́ rú!"

Mọ́tò fọn fèrè níta. Pẹ́ńpẹ́ gba ẹ̀yìn lọ. Ẹni tó ti ni sómi kì í bá ni rì.

Ọkọ gbé ẹrù. Ìyàwó gbé ọmọ. Obìnrin náà wo yàrá yíká, ojú rẹ̀ sì tàn.

"Ẹ wo àtùpà lẹ́gbẹ̀ẹ́ bẹ́ẹ̀dì! Mà, ẹ ṣeun. Ibi tí a sùn kẹ́yìn, ògiri ni mo ń fọwọ́ tá kiri bí afọ́jú." Ó rí bẹ́ẹ̀dì kékeré náà. "Háà, òun nìyí! Láti àárọ̀ lọmọ yìí ti wà lára mi. Apá mi ti kú tán."

Ó tẹ́ ọmọ sínú rẹ̀. Ọmọ náà ta ẹsẹ̀. Pákó dún: kẹ́rẹ́. Kò sẹ́ni tó gbọ́ ọ àfi Kíákíá.

"Lọ bu omi wá fún àlejò," Ìyá wí.

Kíákíá lọ sí ilé ìdáná. Omi kún ife, ó ń dà sílẹ̀, kò mọ̀. Ó ń rò ó lọ́kàn: bí mo bá sọ ọ́, wọ́n á lọ. Bí wọ́n bá lọ, ilé ti lọ nìyẹn. Bí mo bá dákẹ́, ó lè dúró. Ó lè gbẹ kí ilẹ̀ tó mọ́. Ó lè gbẹ.

Ó ń gbọ́ ẹ̀rín ọmọ náà láti yàrá. Ó ń gbọ́ ẹsẹ̀ rẹ̀ lára pákó. Ọmọ tó ń rẹ́rìn-ín ló ń ta ẹsẹ̀ jù.

Ó ju ife sílẹ̀, ó sáré.

"Ẹ gbé e!"

"Kí ló ṣẹlẹ̀?" Ìyá wí.

"Mà, ẹ jọ̀ọ́, ẹ gbé ọmọ yẹn!"

Obìnrin náà kọ́kọ́ gbé ọmọ rẹ̀ ná kí ó tó béèrè ìdí. Bí abiyamọ ṣe ń ṣe nìyẹn.

"Kò tíì gbẹ," ni Kíákíá wí. Ó ń mí helehele. "Gọ́ọ̀mù rẹ̀ kò tíì gbẹ. Bàbá Káfíńtà ò sọ pé ó ti ṣeé lò. Èmi ni mo gé rọ́bà rẹ̀."

Ọkọ fi ọwọ́ kan tẹ ẹ̀gbẹ́ bẹ́ẹ̀dì náà. Kò fi agbára tẹ̀ ẹ́. Ẹ̀gbẹ́ rẹ̀ là, ìdí rẹ̀ já sílẹ̀ gbàà. Gọ́ọ̀mù nà láàárín pákó méjì, funfun, bí itọ́.

Obìnrin náà fa ọmọ rẹ̀ mọ́ àyà.

"Ibẹ̀ ni mo tẹ́ ọmọ mi sí," ni obìnrin náà wí, ohùn rẹ̀ kò sókè.

Ọkọ yíjú sí Ìyá. "Ṣé ẹ ní òmíràn, Mà?"

Ìyá wo Kíákíá.

"A ò ní, Sà," ni Kíákíá wí. "A ò ní in láti ìbẹ̀rẹ̀. Mo kàn fi àmì sí i ni."

"Kí tún ni ẹ ò ní tí ẹ kọ pé ẹ ní?"

"Kò sí mọ́, Sà."

"Báwo ni mo ṣe fẹ́ mọ̀?"

Wọ́n kó ẹrù wọn padà sínú mọ́tò. Lẹ́nu ọ̀nà, obìnrin náà yíjú padà.

"O ṣé tí o sáré," ó wí. Ó wọ mọ́tò.

Ìyá jókòó sétí bẹ́ẹ̀dì ńlá tí ẹnikẹ́ni kò sùn lé.

"Màámi, ẹ nà mí."

"Kí n nà ọ́ kí wọ́n lè padà?" Ó fọwọ́ tẹ́ aṣọ bẹ́ẹ̀dì tó ti tẹ́jú tẹ́lẹ̀. "Ká ní o sọ fún mi lánàá, ǹ bá pè wọ́n. Ǹ bá ní a ò ní. Wọn ì bá gbé tiwọn wá."

Kíákíá kò ro ìyẹn rí. Irú ọ̀nà tó rọrùn bẹ́ẹ̀, kò wá sí i lọ́kàn rárá.

Bàbá Káfíńtà wọlé, rọ́bà tí wọ́n gé wà lọ́wọ́ rẹ̀.

"Ta ló gé e?"

"Èmi ni, Sà."

Ó wo pákó tó fọ́nká sílẹ̀. "Ṣé ọmọ wà nínú rẹ̀?"

"Wọ́n ti gbé e jáde."

"Ó dáa." Ó lọ.

Tọkọtaya náà kọ ohun tí ojú wọn rí sórí íńtánẹ́ẹ̀tì. Wọn kò bù mọ́ ọn. Wọ́n yin àtùpà. Wọ́n yin ọmọ tó sáré. Wọ́n sọ̀rọ̀ bẹ́ẹ̀dì. Àlejò mìíràn kò wá. Bàbá Àgbà ta ilé náà kí ilé-ìwé tó wọlé, bí ó ti wí. Ìyá àti ọmọ gba yàrá kan nítòsí ibi tí Ìyá ti ń ránṣọ.

Àwọn àgbà ní bí irọ́ bá lọ lógún ọdún, ọjọ́ kan ni òótọ́ ń lé e bá. Irọ́ Kíákíá kò tilẹ̀ pẹ́ lọ́nà. Ẹ̀yin ọ̀dọ́, ẹni tó bá sọ òótọ́ láàárọ̀, ìtìjú díẹ̀ ni yóò fi san án. Ẹni tó bá dúró di ìrọ̀lẹ́, yóò san jù bẹ́ẹ̀ lọ. Síbẹ̀ kí ó sọ ọ́, nítorí ohun tó ń bọ̀ lẹ́yìn ìrọ̀lẹ́, kò sẹ́ni tó lè san án.

Iwájú ilé náà ni Kíákíá ń gbà lọ sí ilé-ìwé. Ẹni tó rà á ti kùn ún ní àwọ̀ ewé. Lábẹ́ fèrèsé kan, ọ̀dà funfun àtijọ́ ṣì hàn.