Onílé Tó Wà ní Iyàrá Ẹ̀yìn

Ẹnu ló kó bá Onídìrí, bí ẹ bá bi mí. Ajẹ́ǹtì ṣì ń yí kọ́kọ́rọ́ nínú ilẹ̀kùn ilé tí obìnrin náà ṣẹ̀ṣẹ̀ rà, ilé tí wọ́n ti tì pa tipẹ́tipẹ́. Onídìrí dúró lẹ́yìn rẹ̀, ó kó ẹsẹ̀ jọ bí àlejò, ó sì ké pé, "Àgò onílé o!"

Ajẹ́ǹtì bú sẹ́rìn-ín. "Ìyá, ta lẹ wá ń kí? Ẹ̀yin mà ni onílé!"

"Àgò yà," ni ẹnìkan dáhùn láti inú ilé. "Ẹ máa wọlé."

Ohùn obìnrin àgbàlagbà ni, ó ń fà bí ohùn ẹni tí wọ́n jí lójú oorun. Ẹ̀rín gbẹ mọ́ ajẹ́ǹtì lẹ́nu. Wọ́n wọlé, wọ́n yẹ gbogbo iyàrá wò, wọ́n wo ilé ìdáná, wọ́n wo ẹ̀yìn ilẹ̀kùn pàápàá. Wọn ò bá ẹnì kankan. Àmọ́ ilẹ̀ páálọ̀ tutù, ipa aṣọ ìnulẹ̀ ṣì wà lórí símẹ́ǹtì, òórùn ọṣẹ sì gba inú ilé kan.

"Ará ilé kejì ló dáhùn," ni ajẹ́ǹtì wí. "Fèrèsé wọn ló súnmọ́ tiwa." Ó fi kọ́kọ́rọ́ lé e lọ́wọ́, ó ní òun ń kánjú, ó bá ẹsẹ̀ rẹ̀ sọ̀rọ̀.

Ẹ má fi Onídìrí ṣe yẹ̀yẹ́ o. Láti ìgbà ọmọge ló ti ń lọ dirun fún àwọn èèyàn nílé wọn, kò sì sí ẹnu ọ̀nà tó dé tí kì í ti kígbe àgò. Òun fúnra rẹ̀, ilé onílé ló ń gbé. Òun àti ọmọbìnrin rẹ̀ kan ṣoṣo ti kó láti ilé dé ilé, débi pé ọmọ náà ti mọ bí wọ́n ṣe ń di ẹrù kó tó mọ ìwé kà. Ìdí nìyẹn tó fi ra ilé yìí. Kò ní í tà á, kò sì ní í gbé inú rẹ̀ ní báyìí. Ayálégbé ni yóò fi sínú rẹ̀, kí owó ilé máa tún ilé ṣe, kí òun sì dì í mú títí yóò fi di ti ọmọ òun. Ó máa ń sọ fún ọmọ náà pé, "Bí mo bá kú, kò sí ẹni tó máa lé ẹ jáde."

Ó fara balẹ̀ kó tó rà á, bó tilẹ̀ jẹ́ pé ilé àkọ́kọ́ tó máa rà ni. Ó lọ yí i ká láti ìta nígbà tí òjò ń rọ̀, kó lè mọ ibi tí omi ń gbà wọlé. Ó béèrè ọ̀rọ̀ omi lọ́wọ́ àwọn aládùúgbò, ó fi ìka tọ gbogbo ibi tó sán lára ògiri. Lẹ́yìn tó rà á, ó pààrọ̀ páànù, ó kun ilé, ó kó àwọn ike ọ̀dà tó ṣẹ́kù sí iyàrá ẹ̀yìn, ó sì fi àgádágodo tì í. Nọ́ọ̀sì kan àti ọkọ rẹ̀ ló gba ìyókù.

Nígbà tó ṣe, Onídìrí yà láti wò wọ́n. "Ṣé kò sí wàhálà kankan?"

"Rárá mà," ni nọ́ọ̀sì dáhùn. "Màmá ń tọ́jú wa gan-an."

"Màmá wo?"

Nọ́ọ̀sì rẹ ohùn sílẹ̀. "Onílé. Màmá tó wà ní iyàrá ẹ̀yìn. Wọ́n ní ká má da omi gbígbóná sí ẹ̀yìnkùlé mọ́. Wọ́n ní ẹ̀yin lẹ ń bá wọn bójú tó ilé, pé èèyàn dáadáa ni yín."

Orí Onídìrí wú. Ó lọ sí iyàrá ẹ̀yìn. Àgádágodo rẹ̀ ṣì wà níbẹ̀ bó ṣe fi í sí. Nígbà tó ṣí i, wọ́n ti to àwọn ike ọ̀dà sí ẹ̀gbẹ́ ògiri nigínnigín, ilẹ̀ sì tutù.

Ọ̀dọ̀ ẹni tó ta ilé náà fún un ló gbà lọ tààrà. Télọ̀ ni bàbá náà, ó ń fi ṣọ́ọ̀kì fàlà sára aṣọ nígbà tó wọlé.

"Bàbá, ta ló wà nínú ilé tí ẹ tà fún mi?"

"Kò sẹ́nì kankan. Ìyá mi ló ti wà níbẹ̀ tẹ́lẹ̀." Kò gbójú sókè. "Lẹ́yìn tí wọ́n kú, wọn ò fẹ́ lọ. Mo bẹ̀ wọ́n títí. Mo ní, Màmá, ẹ ti ṣe onílé tó, ẹ lọ sinmi. Wọ́n sì lọ. Ìdí tí mo fi ní kí ajẹ́ǹtì kìlọ̀ fún yín nìyẹn, pé kí ẹ wọlé bí ẹni tó tibi iṣẹ́ dé, kí ẹ má kí onílé. Ṣé kò sọ fún yín ni?"

Onídìrí fi ọwọ́ bo ẹnu rẹ̀.

Télọ̀ wá wò ó lójú. Ṣọ́ọ̀kì bọ́ lọ́wọ́ rẹ̀. "Ẹ kí wọn, àbí? Háà! Ẹ ti dá wọn padà sípò nìyẹn."

Onídìrí padà sí ilé náà lọ́sàn-án yẹn. Àwọn ayálégbé ti lọ síbi iṣẹ́. Ó kúnlẹ̀ sáàárín iyàrá ẹ̀yìn.

"Màmá, ẹ dákun, àṣìsọ ni mo sọ. Mi ò rà á fún ara mi. Ọmọ mi obìnrin ni mo rà á fún. Ẹ bá mi fi ilé yìí sílẹ̀ fún un."

Ẹ̀yìn etí rẹ̀ gan-an ni ohùn náà ti wá.

"Obìnrin? Áà, o ṣeun. Èmi ò bí obìnrin rí. Ní kó máa bọ̀."

Bó ṣe sáré dé ilé tí òun àti ọmọ rẹ̀ ń gbé, òun fúnra rẹ̀ ò mọ̀. Ó ti pinnu lọ́nà pé òun máa ta ilé náà ní ẹ̀dínwó, kódà bó bá jẹ́ ọ̀fẹ́. Àmọ́ bẹ́ẹ̀dì ọmọ náà ti ṣófo, àpótí rẹ̀ kò sí níbẹ̀.

"Ó ti kó ẹrù lọ," ni aládùúgbò tó ń sá aṣọ wí. "Ó ní ẹ pe òun lórí fóònù, pé ẹ ní kí òun máa bọ̀ nílé."

Onídìrí wo fóònù tó wà lọ́wọ́ rẹ̀. Kò tíì pe ẹnì kankan láti àárọ̀.

Ilẹ̀ ti ń ṣú díẹ̀díẹ̀ nígbà tó dé ilé náà, tó ń fi àtẹ́lẹwọ́ gbá ilẹ̀kùn. Ọmọ rẹ̀ ló ṣí i. Onídìrí fẹ́ gbá a mọ́ra, ìgbà náà ló rí orí rẹ̀. Irun tí òun fúnra rẹ̀ dì fún un lánàá ti tú. Wọ́n ti di òmíràn sí i, ìdìrí àtijọ́ tó jẹ́ pé ọ̀dọ̀ àwọn àgbà nìkan lèèyàn ti ń rí i.

Ọmọ náà kúnlẹ̀. "Ẹ kú ìrọ̀lẹ́ mà. Ṣé màmá mi lẹ ń wá?"

"Èmi nìyí," ni Onídìrí wí. "Ọmọ mi, wò mí dáadáa. Èmi nìyí."

Ọmọ náà rẹ́rìn-ín músẹ́, ẹ̀rín tí wọ́n máa ń rín sí ẹni tí wọn ò mọ̀ rí. Ó yíjú sínú ilé. "Màmá! Ẹ ní àlejò o!"

"Hẹ̀n?" ni Onídìrí dáhùn, kó tó mọ ohun tó ń ṣe. Lẹ́sẹ̀ kan náà, ẹnìkan dáhùn láti iyàrá ẹ̀yìn. Ọ̀dọ̀ onítọ̀hún ni ọmọ náà sáré lọ.