Ìṣẹ́jú Mẹ́ẹ̀ẹ́dógún Lórí Òpó Iná Butwal

Orí òpó iná kan ní Butwal, ní ilẹ̀ Nepal, ni wọ́n ti bá òkú Lokendra, òṣìṣẹ́ tó ń tún wáyà ṣe. Ìgbànú iṣẹ́ rẹ̀ ló gbé e rọ̀. Aago ọwọ́ rẹ̀ ti kú sí 2:10 ọ̀sán. Wáyà tó yẹ kó wà láìníná ni iná wọ̀.

"Ta ló tan iná?" Ìnsípẹ́kítọ̀ Gharti bi Ẹnjiníà Pokhrel, ọ̀gá ilé iná kìn-ín-ní, nínú ọ́fíìsì rẹ̀.

"Ènìyàn kọ́. Kọ̀ǹpútà mẹ́fà ló ń pín iná Butwal, ọ̀kan ní ilé iná kọ̀ọ̀kan. Wọn ò lọ́gàá. Ohun tí wọ́n bá jọ fẹnu kò sí ni wọ́n ń ṣe. Lokendra ò sọ fún wọn pé òun wà lókè. Igi gogoro má gùn mí lójú, òkèèrè la ti ń wò ó. Òun ò wò ó."

Maiya, ìyàwó olóògbé, gbórí sókè níbi tó jókòó sí. "Irọ́ ni! Ẹ pa á tán, ẹ tún fẹ́ pa orúkọ ẹ̀. Kí ni kí n wí fáwọn ọmọ ẹ̀?"

Pokhrel na ìwé kan síwájú, ó ní ẹ̀rọ ló kọ ọ́: "2:10. Gbogbo ẹ̀rọ fohùn sí i kí iná padà."

Gharti wo aago ara ògiri, ó wo ti kọ̀ǹpútà. Ti kọ̀ǹpútà fi ìṣẹ́jú mẹ́ẹ̀ẹ́dógún wà lẹ́yìn.

"Ẹ̀rọ Íńdíà ni," Pokhrel rẹ́rìn-ín. "Aago Íńdíà ni gbogbo wọn ń lò. A kàn máa ń fi ìṣẹ́jú mẹ́ẹ̀ẹ́dógún kún un ni, kó lè bá ti Nepal mu."

Gharti ò rẹ́rìn-ín. Nígbà tó ń ru bíríkì ní Íńdíà, ní òdìkejì ibodè, aago Íńdíà ló wò lọ sí ìdánwò ilé ẹ̀kọ́ alẹ́ ní Nepal. Wọ́n ti tilẹ̀kùn. Odindi ọdún kan ló bá a lọ.

Ó dìde, ó yí ilé iná márùn-ún yòókù ká. Ìrọ̀lẹ́ ló padà.

"Ẹnjiníà, 2:10 wa, 1:55 ni lójú ẹ̀rọ. Ẹ̀rọ wo ló wá kọ 2:10? Ẹni tó ń wo aago ara ògiri ló kọ ọ́."

"Àṣìṣe lásán ni..."

"Ohun kan náà ni gbogbo wọn ń kọ sílẹ̀. Tibí nìkan lẹ pa rẹ́. Ní 1:40, Lokendra sọ fún wọn pé òun ń gòkè. Ní 1:55, ẹ ní kí wọ́n dá iná padà, àwọn márààrún yòókù kọ̀. Ọwọ́ lẹ fi tan iná náà, láti ibí."

Pokhrel jókòó. "Ilé iṣẹ́ sìmẹ́ńtì ló ń pè mí ṣáá, pé iná ìléru àwọn ń kú lọ. Mo rò pé ó ti sọ̀ kalẹ̀."

"Ẹ rò. Ẹ ò pè é. Wọ́n ní bí irọ́ bá sáré fún ogún ọdún, ọjọ́ kan ni òtítọ́ ń bá a. Tiyín ò ju ìṣẹ́jú mẹ́ẹ̀ẹ́dógún lọ."

Nígbà tí àwọn ọlọ́pàá mú Pokhrel jáde, Gharti ka ìwé ilé iná kejì fún Maiya: "1:40. Lokendra wà lórí òpó. Ẹ má tan iná."

"Ẹ tún un kà," obìnrin náà wí. "Ẹ rọra kà á, kí n lè kọ́ ọ sórí."