Ọkọ̀ Onílẹ̀kùn Méjì

Ọwọ́ méjì ló di ilẹ̀kùn ọkọ̀ kan ṣoṣo mú lẹ́ẹ̀kan náà. Ọwọ́ obìnrin ni ọ̀kan, làálì wà ní èékánná rẹ̀. Ọwọ́ ọkùnrin ni ìkejì. Kò sí èyí tó fẹ́ tú.

"Pardon, madame," ni ọkùnrin náà wí. "Moi, j'étais là avant." Ó ní òun ló kọ́kọ́ débẹ̀.

Mọ́síùrá kùn lábẹ́ ètè ní Yorùbá pé, "Ta ló bí bàbá onírùngbọ̀n funfun yìí?"

Ọkùnrin náà bú sẹ́rìn-ín. "Àwọn ará Kétu ló bí mi o. Port-Bouët níbí ni wọ́n sì bí mi sí. Bachirou lorúkọ mi."

Ojú ti Mọ́síùrá. "Ẹ jọ̀ọ́, ẹ má bínú. Mi ò mọ̀ pé ẹ gbọ́ Yorùbá."

"Mi ò bínú. Ṣùgbọ́n mi ò tíì tú ilẹ̀kùn o."

"Èmi náà ò tíì tú u."

Ọgbà Moussa ni wọ́n wà, ní Port-Bouët, lọ́dún 2008. Ọkọ̀ àlòkù tí wọ́n ń kó wá láti òkè òkun ni Moussa ń tà, èyí tí gbogbo Abidjan ń pè ní France au revoir. Ọkọ̀ ńlá ńlá kún ọgbà náà fọ́fọ́, àmọ́ Peugeot 205 kékeré kan báyìí ni àwọn méjèèjì rọ̀ mọ́. Ó ní àwọ̀ ewé, ilẹ̀kùn méjì péré ló ní, òrùlé rẹ̀ sì ṣeé ṣí.

Ẹ má ṣe rò pé ọkọ̀ ṣẹ̀ṣẹ̀ ń ya Mọ́síùrá lẹ́nu. Ọmọ Ṣakí ni, ẹni ọdún mẹ́tàdínláàádọ́ta, ìkòkò àti abọ́ ló ń tà ní ọjà Roxy ní Adjamé. Nígbà tí ọkọ rẹ̀ wà láyé, wọ́n ní ọkọ̀ akẹ́rù kan. Ọkọ rẹ̀ àti àlejò ló ń jókòó níwájú. Àyè tirẹ̀ wà lẹ́yìn láàárín ìkòkò. Ọkọ kú, wọ́n ta ọkọ̀, ó wá di ẹni tó ń wọ bọ́ọ̀sì gbaka láti ilé rẹ̀ ní Abobo láràárọ̀, tí orúnkún ẹlòmíràn ń gún un lẹ́yìn. Nígbà tí ọjà ṣe é lóore, ó lọ kọ́ ọkọ̀ wíwà, ó sì gbàwé àṣẹ. Ó wá pinnu pé ọkọ̀ tí òun máa rà kò ní í ṣe ti ìkòkò. Èyí tó bá dùn mọ́ òun nínú ni. Ohun tó wu ọmọ í jẹ, kì í run ọmọ nínú.

"Kí lẹ̀yin fẹ́ fi mọ́tò kékeré ṣe?" ló bi Bachirou.

"Bọ́ọ̀sì àwọn òṣìṣẹ́ aéroport ni mò ń wà. Láti ìgbà ọ̀dọ́ mi ni èrò ti ń pariwo lẹ́yìn mi: chauffeur, yára, chauffeur, rọra. Mo fẹ́ mọ́tò tí kò ní í sẹ́nì kankan lẹ́yìn mi."

Ọ̀rọ̀ náà wọ Mọ́síùrá lákínyẹmí ara. Ó wo ọkùnrin náà dáadáa fún ìgbà àkọ́kọ́.

Ọ̀rọ̀ yìí sú Moussa, ẹni tó jẹ́ ẹ̀yà Dioula. "Aw ka sabari, les vieux! Essayez d'abord," ló wí, pé kí wọ́n ṣe sùúrù, kí wọ́n kọ́kọ́ dán an wò, ó sì na kọ́kọ́rọ́ sí wọn.

Mọ́síùrá ló kọ́kọ́ wà á, Bachirou jókòó sẹ́gbẹ̀ẹ́ rẹ̀. Wọ́n gba ọ̀nà Bassam tó ń bá etí òkun lọ. Ọkọ̀ náà kọ́kọ́ ta pọ́ún bí ewúrẹ́ tó já okùn, lẹ́yìn náà ó tutù. Bachirou nawọ́ sókè, ó ṣí òrùlé. Atẹ́gùn òkun rọ́ wọlé, ó gba ìborùn kúrò lórí Mọ́síùrá, ó gbé e jù sẹ́yìn. Mọ́síùrá bú sẹ́rìn-ín, ẹ̀rín tó ti inú ikùn wá, èyí tí kò rín mọ́ láti ọjọ́ tó ti di opó.

Ẹ̀rín yẹn ló pa Bachirou. Bí wọ́n ṣe padà dé ọgbà, ó sọ fún Moussa pé, "Tiwọn ni. Èmi á máa wọ takisí wôrô-wôrô mi lọ."

"Kí ló dé?" ni Mọ́síùrá béèrè.

"Ẹni tí mọ́tò bá pa lẹ́rìn-ín báyẹn, òun ló ni ín."

Lọ́jọ́ Àìkú tó tẹ̀ lé e, Bachirou wọ gbaka dé Abobo. Ó ní òun wá kọ́ ọ bí wọ́n ṣe ń gbéra lórí òkè tí ọkọ̀ kò fi ní í yí padà sẹ́yìn. Mọ́síùrá mọ̀ ọ́n lọ́jọ́ náà gan-an. Síbẹ̀ Bachirou tún wá lọ́sẹ̀ kejì, ó tún wá lọ́sẹ̀ kẹta, bẹ́ẹ̀ òkè ò pọ̀ tó bẹ́ẹ̀ ládùúgbò wọn.

Kadi, ọmọ Mọ́síùrá tó ń ṣiṣẹ́ ní ilé egbòogi, ló rí wọn láti ojú fèrèsé. "Maman, démarrage en côte, ẹ̀kọ́ orí òkè yìí, ò parí ni? Ton vieux-là est zo, hein!"

Bó ṣe pe bàbá náà ní arẹwà yìí, Mọ́síùrá sọ bàtà lù ú. Ṣùgbọ́n inú rẹ̀ ń dùn.

Ní ìrọ̀lẹ́ ọjọ́ kan, wọ́n jókòó sí etí òkun, wọ́n ń jẹ attiéké àti ẹja díndín. Bachirou gbé oúnjẹ kalẹ̀.

"Adúmáadán mi, ó ti pẹ́ tí ìyàwó mi ti kú. Mo rò pé ọkàn mi ti sùn lọ ni. Ìwọ lo jí i."

"Ẹ̀yin ará Port-Bouët yìí, ẹnu yín mà dùn o."

"Ọ̀rọ̀ ẹnu lásán kọ́. Mo fẹ́ fẹ́ ọ."

Mọ́síùrá náà gbé oúnjẹ tirẹ̀ kalẹ̀. "Èmi náà fẹ́ràn yín," ló wí. "Ṣùgbọ́n ẹ gbọ́dọ̀ lọ rí Alájì."

Alájì Múdàṣírù ni ẹ̀gbọ́n ọkọ rẹ̀ olóògbé, òun sì ni olórí ẹbí ní Abidjan. Nígbà tí Mọ́síùrá wà nínú ọ̀fọ̀, Alájì ló dúró tì í bíi bàbá. Kò fẹ́ wọlé ọkọ láìsí àdúrà Alájì.

Wọ́n lọ. Alájì gbà wọ́n tẹ̀ríntẹ̀rín, ó fún Bachirou lómi. Lẹ́yìn náà ó ní, "Bachirou, èèyàn dáadáa ni ẹ́. Ṣùgbọ́n mọ́tò yẹn ni ká kọ́kọ́ yanjú. Ìyá Kadi, o ti dàgbà jùyẹn lọ. Iléyá ń bọ̀, ẹbí ń lọ sí Ṣakí, ìwọ wá lọ ra mọ́tò onílẹ̀kùn méjì! Ta ni ká kó sínú ẹ̀? Mo ti bá Moussa sọ̀rọ̀. Á gbà á padà, á fún ọ ní minibus. Ẹ ṣèyẹn ná, ká wá mú ọjọ́ yìgì."

Mọ́síùrá fẹ́ fèsì, àmọ́ Bachirou tó ń wá ojúrere àna ti dọ̀bálẹ̀ gbalaja. "Alájì, kò le rárá! Lọ́la gan-an ni màá wà á lọ fún Moussa."

Ẹnu àìmẹ́nu, ètè àìmétè, ní í mú ọ̀ràn bá ẹ̀rẹ̀kẹ́.

Mọ́síùrá kúnlẹ̀ níwájú Alájì. "Bàbá, mo bọ̀wọ̀ fún yín, ẹ ṣeun fún mi. Ṣùgbọ́n mi ò ní í pààrọ̀ mọ́tò yẹn." Ó dìde, ó kọjú sí Bachirou. "Ẹ̀yin! Mọ́tò mi lẹ fi ń tọrọ mi? Ẹ wà lẹ́gbẹ̀ẹ́ mi lọ́jọ́ yẹn, ẹ mọ ohun tó jẹ́ fún mi. Bí ẹ bá lè fi nǹkan mi tọrẹ kí n tó wọlé yín, kí ló máa ṣẹ́kù fún mi tí mo bá wọlé?"

Mọ́síùrá jáde, ó sunkún nínú ọkọ̀ títí ojú rẹ̀ fi wú, ó nu ojú, ó sì wa ara rẹ̀ lọ sílé.

Ìfẹ́ ọkùnrin náà ò kúrò lọ́kàn rẹ̀, ìbínú náà ò kúrò. Bí Kadi bá ní, "Maman, appelle-le," á ní òun ò ní í pè é. Lọ́jọọjọ́ Àìkú ló ń wakọ̀ lọ sí òkun lóun nìkan, tí á ṣí òrùlé, tí á sì máa wo àyè tó ṣófo lẹ́gbẹ̀ẹ́ rẹ̀. Ẹ̀rín ò wá mọ́. Síbẹ̀, kò rò ó lẹ́ẹ̀kan pé òun á gbé ọkọ̀ náà fún Moussa.

Ní ọjọ́ Jímọ̀ kan, Mùkàrámà, ìyàwó Alájì, dé ìsọ̀ rẹ̀ ní Roxy. Obìnrin tó ti lé ní ọgọ́ta ọdún ni.

"Pa ìsọ̀ dé," ló wí. "Gbé mi lọ wo òkun."

"Òkun kẹ̀, Ìyá?"

"Láti ìgbà tí mo ti dé Abidjan, ẹ̀yìn mọ́tò ni mo ń jókòó, ẹrù ló ń dí mi lójú. Mo fẹ́ jókòó níwájú."

Wọ́n gbéra. Nígbà tí wọ́n gun afárá, Mọ́síùrá ṣí òrùlé, Mùkàrámà sì fi ọwọ́ méjèèjì di gèlè mú, ó ń rẹ́rìn-ín bí ọmọdé. Ó wá ní, "Ọkùnrin rẹ wá bá Alájì lánàá. Ó ní, 'Ohun tí kì í ṣe tèmi ni mo fi tọrẹ, mo ti gbà á padà. Mọ́síùrá ni mo wá tọrọ, mi ò tọrọ mọ́tò.' Alájì lé e jáde."

Mọ́síùrá dín eré ọkọ̀ kù. "Ó wá lọ?"

"Ó lọ. Ó tún padà wá láàárọ̀ yìí. Orí bẹ́ńṣì ẹnu ọ̀nà ni mo fi í sílẹ̀ sí."

"Ìyá! Ẹ jẹ́ n yí padà!"

"Kò ní í lọ ibì kankan. Gbé mi dé òkun ná."

Nígbà tí wọ́n padà dé ilé Alájì, Bachirou ṣì wà lórí bẹ́ńṣì náà. Ó dìde, kò lè gbójú sókè. "Adúmáadán mi, mo ṣẹ̀ ọ́. Ìbẹ̀rù àna ló mú mi. Jọ̀ọ́, dárí jì mí."

"Mo ti dárí jì yín," ni Mọ́síùrá wí, omi lé ròrò lójú rẹ̀. "Ṣùgbọ́n èmi ni n ó máa wà á."

"Ìwọ ni. Ẹ̀gbẹ́ rẹ ni mo fẹ́ wà."

Mùkàrámà ti wọlé bá ọkọ rẹ̀. "Bàbá, bọ́ọ̀sì la ti ń wọ̀ lọ sí Ṣakí, bọ́ọ̀sì náà la ó tún wọ̀. Bí a bá ń gún iyán nínú ewé, tí à ń se ọbẹ̀ nínú èèpo ẹ̀pà, ẹni tó máa yó á yó. Ẹ fi mọ́tò obìnrin náà sílẹ̀ fún un."

Alájì wo ìyàwó rẹ̀, gèlè rẹ̀ ti wọ́, ojú rẹ̀ sì ń dán. "Báwo lòkun ọ̀hún ṣe rí?"

"Ẹ lọ wò ó fúnra yín."

Ẹ̀rín fẹ́ pa Alájì, ó gbé e mì. "Ẹ ní kí wọ́n wọlé," ló wí. "Ẹ jẹ́ ká mú ọjọ́."

Lọ́jọ́ yìgì, Alájì ló ṣe àdúrà, ó ṣe é gùn. Lẹ́yìn náà àwọn obìnrin ilé kó sínú gbaka, wọ́n fẹ́ sin ìyàwó lọ sí Port-Bouët. Ṣùgbọ́n ìyàwó ti wà níwájú wọn. Òun ló ń wa ara rẹ̀ lọ ilé ọkọ, ọkọ rẹ̀ jókòó jẹ́ẹ́ sẹ́gbẹ̀ẹ́ rẹ̀.

Àwọn obìnrin ilé Bachirou ti tò sẹ́nu ọ̀nà, wọ́n gbé omi dání láti fi fọ ẹsẹ̀ ìyàwó. Mọ́síùrá rí wọn lókèèrè. Ó wo ọkọ rẹ̀.

"Ṣé ká dúró?"

"Ìwọ lò ń wakọ̀," ni Bachirou wí, ó sì nawọ́ sókè, ó ṣí òrùlé.

Mọ́síùrá fọn fèrè ọkọ̀, ó kọjá lẹ́nu ọ̀nà, ó kọjú sí ọ̀nà Bassam. Ẹ̀rín rẹ̀ ni wọ́n gbọ́ kẹ́yìn.

Gbaka dúró. Mùkàrámà sọ̀ kalẹ̀, ó bá àwọn obìnrin tó ya ẹnu sílẹ̀ pẹ̀lú omi lọ́wọ́.

"Ẹ gbé omi yẹn kalẹ̀," ló wí, "kẹ́ ẹ dé e. Ìyàwó ń bọ̀."