Ọwọ́ Tó Ba Ẹ̀rọ Òṣùpá Jẹ́

Ọ̀rẹ́ mi, fara balẹ̀ kí n sọ ti ọkùnrin kan fún ọ. Má-fọwọ́-kàn-án ni wọ́n ń pè é níbi iṣẹ́, nítorí pé gbogbo ènìyàn ló máa ń jágbe mọ́ pé kí wọ́n má fọwọ́ kan nǹkan.

Iṣẹ́ rẹ̀ ni láti dán ẹ̀rọ kan wò, kí wọ́n tó gbé e sínú ọkọ̀ gbalasa òfuurufú tí yóò máa yí òṣùpá po. Oòrùn ń tú ìtànṣán kan jáde tí ojú wa kò rí, irú èyí tí wọ́n fi ń ya àwòrán egungun nílé ìwòsàn. Ẹ̀rọ náà ni yóò máa wọ̀n ọ́n. Irin tó fẹ́lẹ́ ju awọ àlùbọ́sà lọ ni wọ́n fi bo ojú rẹ̀. Bí ọwọ́ bá kàn án, ó bàjẹ́ nìyẹn.

Má-fọwọ́-kàn-án mọ iṣẹ́, ó sì mọ̀ pé òun mọ̀ ọ́n. Bí ìyàwó rẹ̀ bá ní kí àwọn jọ lọ gbọ́ ọ̀rọ̀ Ọlọ́run, ńṣe ló máa ń fi í rẹ́rìn-ín. Ṣùgbọ́n igò ọtí kan wà lábẹ́ ìjókòó mọ́tò rẹ̀. Lọ́sàn-án, á yọ́ lọ síbẹ̀, á mu díẹ̀, á sì fi kọfí lé e kí òórùn má baà tú u fó.

Lọ́jọ́ kan, ó ti ìdí igò wọ yàrá àyẹ̀wò, níbi tí gbogbo wọn ti ń wọ aṣọ funfun àti ìbọ̀wọ́ nítorí eruku. Ìbọ̀wọ́ ń ni ín lára, ló bá bọ́ ọ. Bó ṣe ní kí òun tún wáyà kan ṣe, ẹsẹ̀ rẹ̀ yẹ̀, àtàǹpàkò rẹ̀ sì wọ ojú ẹ̀rọ náà. Ó ya fàà.

Ó wọ̀tún, ó wòsì. Ó wọ ìbọ̀wọ́ rẹ̀ padà, ó jáde.

Nígbà tí àwọn aláṣẹ bèèrè ẹni tó kẹ́yìn níbẹ̀, kò tilẹ̀ rò ó lẹ́ẹ̀mejì. "Àbúrò ìyàwó mi ni." Òun fúnra rẹ̀ ló bá ọkùnrin náà wáṣẹ́ síbẹ̀. Baba ọlọ́mọ ni. Wọ́n ní kó máa lọ sílé.

Ní ìrọ̀lẹ́, ìyàwó fa àbúrò rẹ̀ wọ pálọ̀. "Kúnlẹ̀! Ẹni tó ṣe ọ́ lóore lo wá dójú tì yìí? Bẹ ọkọ mi!"

Ọkùnrin náà kúnlẹ̀. "Ẹ jọ̀ọ́, ẹ má bínú."

Má-fọwọ́-kàn-án gbọ́ tí ẹnu ara rẹ̀ ń sọ pé, "Kò burú, mo ti dárí jì ọ́." Kó tó sọ ọ́ tán, ìtìjú ti bò ó. Ńṣe ló dà bí ẹni pé wọ́n bọ́ ọ sí ìhòòhò nílé ara rẹ̀.

Nígbà tí àna rẹ̀ jáde, ó sáré bá a lójú títì. "Kí lo ń bẹ̀ mí fún? Ṣé ìwọ lo bà á jẹ́ ni?"

"Èmi kọ́. Mo rí yín láti ojú gíláàsì ilẹ̀kùn yàrá yẹn."

"O rí mi, o sì dákẹ́?"

"Bí mo bá sọ ọ́, ojú á ti ẹ̀gbọ́n mi pa. Mo ń retí kí ẹ fẹnu ara yín sọ ọ́ ni." Ọkùnrin náà mí kanlẹ̀. "Òpùrọ́ lèmi náà tẹ́lẹ̀, ẹ mọ̀ bẹ́ẹ̀, kí Jésù tó yí mi padà. Níwájú àwọn aláṣẹ, mo lè gba ẹ̀bi yín. Níwájú Ọlọ́run, agbára mi ò ká a. Ẹni tó lè gbà á ti gbà á lórí igi àgbélébùú. Ẹ lọ bá a."

Má-fọwọ́-kàn-án fara ti ògiri, ó bú sẹ́kún, àwọn tó ń kọjá ń wò ó. "Olúwa, èmi ni. Ọ̀mùtí ni mí, òpùrọ́ ni mí. Ṣàánú mi."

Ó padà wọlé, ó jẹ́wọ́ fún ìyàwó rẹ̀. Obìnrin náà fọwọ́ bojú. "Èmi ni mo ní kó kúnlẹ̀," ló ń tún sọ ṣáá.

Nígbà tí ilẹ̀ mọ́, ó jẹ́wọ́ níwájú gbogbo òṣìṣẹ́. Wọ́n gba ipò lọ́wọ́ rẹ̀, wọ́n sì fi í síbi tí wọ́n ń kó àpótí òfìfo sí. Wọ́n pe àna rẹ̀ padà sẹ́nu iṣẹ́, òun ló sì dán ẹ̀rọ mìíràn wò títí tó fi yege. Títí dòní, bí ó bá ń kọjá lẹ́nu ọ̀nà yàrá yẹn, ó máa ń tẹ orí ba. Ṣùgbọ́n kò sí igò lábẹ́ ìjókòó mọ́, ó sì ń sùn wọra.

Ìwọ ńkọ́, ìwọ tó ń ka ìwé yìí? Ta ló ń jìyà ohun tí o ṣe? Má sọ pé ó di ọ̀la. Ọ̀la kì í ṣe tìrẹ. Níbi tí o wà yẹn gan-an, pe ẹ̀ṣẹ̀ rẹ ní orúkọ tó ń jẹ́, kí o sì ké sí Jésù. Ìtìjú ìjẹ́wọ́ kò ní pa ọ́. Èyí tí o ń fi pamọ́ ló ń pa ọ́ lọ.