Ta Ni Yóò Wo Ojú Ṣùkúrát?

Ṣùkúrát ń gbé ní Àgbowó, lókè pẹ̀tẹ́ẹ̀sì, níbi tí mọ́tò ti ń ké píì-píì láti àárọ̀ dalẹ́.

Ó ní àbúrò tuntun. Sódìq ni orúkọ rẹ̀. Sódìq kéré, ó rọ̀, ó sì ń sùn ṣáá.

Mọ́mì ti ṣèlérí. Tó bá di ọjọ́ Jímọ̀, Ṣùkúrát máa jókòó sórí ẹní, wọ́n á sì gbé Sódìq lé e nítan. Òun nìkan ló máa gbé e! Ṣùkúrát ń ka ọjọ́.

Àárọ̀ Àlàmísì, Ṣùkúrát jí. Ó la ojú ọ̀tún. Ó fẹ́ la ojú òsì. Ojú òsì kọ̀, kò là. Ìpin ti lẹ̀ ẹ́ pọ̀ pinpin.

Ó fi tówẹ̀lì rẹ̀ nù ún, ó sì fi tówẹ̀lì náà kọ́. Ojú là. Áà, ó pupa fòò! Ó ń yún un. Ó ń ta á.

Fàwáz, ẹ̀gbọ́n rẹ̀, rí i. Kíá, ó fi ọwọ́ bojú.

“Àpólò ni! Má wò mí o. Ẹni tó bá wo Àpólò, á ràn án.”

Ó sáré lọ wọ awò dúdú Dádì. Nínú ilé o! Kò ríran dáadáa mọ́. Ó kọlu àga. Gbì!

Ìyá Ìgbòho, tí í ṣe ìyá Dádì, ní kí wọ́n po ṣúgà mọ́ omi, kí wọ́n kán an sójú ọmọ náà. Ṣùgbọ́n ògiri ni wọ́n ń wò bí wọ́n ṣe ń sọ ọ́. Ẹ gbà mí! Báwo lèèyàn ṣe ń kán nǹkan sójú tí kò fẹ́ wò?

Mọ́mì rọra bẹ̀ wọ́n. Mọ́mì ní nǹkan kan ò ní wọ ojú yẹn, àfi tí nọ́ọ̀sì bá rí i.

Ṣùkúrát tẹ̀ lé Dádì lọ sí ilé ìwòsàn. Ilẹ̀ ló ń wò títí wọ́n fi dé ibẹ̀.

Nọ́ọ̀sì Fadékẹ́mi fọ ọwọ́. Wọ́n gbé àgbọ̀n Ṣùkúrát sókè. Wọ́n wò ó. Wọ́n wò ó dáadáa.

“Ẹ má wò mí, mà. Á ràn yín.”

Nọ́ọ̀sì rẹ́rìn-ín. “Wíwò kì í ràn, ọmọ mi. Ọwọ́ ló ń gbé e kiri. Ọwọ́ àti tówẹ̀lì.”

Wọ́n fún un ní oògùn ojú. Wọ́n ní kó máa fi ọṣẹ fọ ọwọ́, kó má ra ojú, kó má sì bá ẹnikẹ́ni lo tówẹ̀lì pọ̀. Dádì bi wọ́n nípa ṣúgà. Wọ́n ní kò sóhun tó kan ṣúgà kan ojú.

Àti Sódìq ńkọ́? Wọ́n ní ó di ìgbà tí ojú bá funfun.

Ojú pupa sunkún. Ojú funfun náà sunkún.

Nílé, oògùn kán. Tó! Omi dà. Ṣàà! Ọṣẹ hó. Fọ́-fọ́-fọ́!

Ọwọ́ Ṣùkúrát ṣáà fẹ́ ra ojú. Ló bá jókòó lé ọwọ́ náà.

Jímọ̀ dé. Ìtan Ìyá Ìgbòho ni Sódìq sùn sí. Ẹnu ọ̀nà ni Ṣùkúrát ti ń wò ó. Ó dùn ún gan-an.

Àbámẹ́ta, Fàwáz jí. Ojú rẹ̀ kọ̀, kò là!

Ó ní òun ò wo Ṣùkúrát rárá, kódà lẹ́ẹ̀kan péré. Mọ́mì bi í pé tówẹ̀lì ta ló fi nujú ní Àlàmísì.

Fàwáz ronú. Pẹ̀lú awò dúdú yẹn, gbogbo tówẹ̀lì ló dúdú. Ti Ṣùkúrát ló mú!

Ó fi ọwọ́ bojú. Ó ní kẹ́nikẹ́ni má wo òun.

Ṣùkúrát wò ó. Ó wò ó dáadáa.

“Wíwò kì í ràn,” ló sọ. “Wá, ká jọ jókòó lé ọwọ́ wa.”

Wọ́n jọ jókòó lé ọwọ́ wọn. Ìyá Ìgbòho fi ògiri sílẹ̀, wọ́n wo àwọn méjèèjì, wọ́n rẹ́rìn-ín títí. Ṣúgà ńkọ́? Inú ògì ni wọ́n dà á sí.

Jímọ̀ mìíràn dé. Ojú Ṣùkúrát funfun báláú. Nọ́ọ̀sì ní ó ti yá.

Ó fọ ọwọ́. Fọ́-fọ́-fọ́! Ó jókòó sórí ẹní. Mọ́mì gbé Sódìq lé e nítan.

Sódìq la ojú kan. Ó la ìkejì.

“Mọ́mì,” Ṣùkúrát rọra sọ, “ó ń wò mí.”

Ṣùkúrát náà wò ó. Kò sẹ́ni tó bojú.