Fíìmù Méjì Gbé Orin Marlys Mì

"Tẹ òmíràn jàre!" Brandi kígbe, ó ń fò lórí ibùsùn ọ̀rẹ́ rẹ̀. "O rí i? Ká tó ṣẹ́jú, fíìmù ti dé!"

Ọkàn Marlys ń lọ, ó ń bọ̀. Láti ìgbà tí wọ́n ti ri òpó fóònù tuntun sórí òkè ẹ̀yìn ilé wọn ní Kentucky, íńtánẹ́ẹ̀tì wọn ò fẹsẹ̀ rìn mọ́, ó ń fò ni. Ṣùgbọ́n òun àti ìyá rẹ̀, Oleta, ni wọ́n jọ ń lo dátà oṣù. Kí Oleta tó lọ síbi iṣẹ́ ìtọ́jú arúgbó láàárọ̀ Sátidé yẹn ló ti kìlọ̀: "Fi dátà tí orin rẹ máa lò sílẹ̀ o!" Fídíò orin náà gbọ́dọ̀ dé iléèwé ìkọrin kí aago márùn-ún ìrọ̀lẹ́ ọjọ́ náà tó lù, bí Marlys bá fẹ́ wọlé lọ́dún náà.

"Ṣebí a wo méjì lóṣù tó kọjá, dátà ò tán," ni Brandi wí. "Àbí ẹ̀rù ń bà ọ́, ọmọ mọ́mì?"

Ojú ti Marlys. Ó tẹ̀ ẹ́.

Kò mọ̀ pé bí ọ̀nà íńtánẹ́ẹ̀tì ṣe fẹ̀ sí i yìí, àwòrán tó mọ́ kedere, tó wúwo ju ti àtẹ̀yìnwá lọ, ni fóònù ń fà. Fíìmù kejì ò tíì dé ìdajì tó fi dúró gbagidi. Marlys sáré fi orin ránṣẹ́. Ó ń yí, ó ń yí, kò lọ.

Brandi wá bàtà rẹ̀. "Háà, wọ́n ń pè mí nílé!"

Bí Oleta ṣe wọlé, Marlys bú sẹ́kún. "Mọ́mì, ẹ jọ̀ọ́, mo ti jẹ dátà tán."

"O sì yó, àbí?" Oleta ò tiẹ̀ bọ́ bàtà. "Bọ́ sínú ọkọ̀!"

Ilé ìkàwé ìlú ni wọ́n forí lé. Wọ́n ti tì í, ṣùgbọ́n íńtánẹ́ẹ̀tì ọ̀fẹ́ rẹ̀ a máa yọ síta. Lójú ọ̀nà kọ́lọkọ̀lọ òkè, ọkọ̀ agbégi kan ṣáájú wọn, kò sì ṣeé yà sílẹ̀. Marlys ń fẹsẹ̀ janlẹ̀ bí ẹni pé òun ló ń wakọ̀.

Nígbà tí wọ́n débẹ̀, àwọn ọmọ iléèwé ti kún inú ọkọ̀ àwọn òbí wọn, wọ́n ń ṣe iṣẹ́ àṣetiléwá, gbogbo wọn ń fa íńtánẹ́ẹ̀tì kan ṣoṣo. Orin ń rá bí ìgbín. Kó tó lọ tán, aago márùn-ún ti lù. Èsì dé láti iléèwé ìkọrin: "A ti ti ilẹ̀kùn. Ó di ọdún tó ń bọ̀."

Marlys bojú. Oleta fà á mọ́ra.

"Omi ló dànù, agbè ò fọ́. Ohùn rẹ dà? Kọ ọ́ kí n gbọ́."

Marlys nu imú, ó gbé e:

*Òkè gíga, yà fún mi o,*
*Ilé ni mò ń lọ,*
*Bí ọ̀nà jìn, ẹsẹ̀ ò ní kọ̀,*
*Ilé ni mò ń lọ.*

Fèrèsé ọkọ̀ bẹ̀rẹ̀ sí í sọ̀ kalẹ̀. Ẹnìkan ń fọwọ́ lu ilẹ̀kùn ọkọ̀ rẹ̀ sí orin. Bàbá àgbà kan pariwo: "Tún un kọ, ọmọ dáadáa!"

Ẹ̀yin ọmọ, eré àsápajúdé kì í gbéni délé. Ohun tó ń yára dé ń yára tán. Ẹ kọ́kọ́ yọ ti ohun tó ṣe kókó sápá kan kẹ́ ẹ tó fi ìyókù ṣeré. Marlys ti kọ́ ọ. Lọ́dún kejì, lọ́jọ́ tí wọ́n tún ń gba orin, Brandi kanlẹ̀kùn títí, ó pè é ní ọmọ mọ́mì títí. Ó di ìgbà tí orin dé iléèwé ìkọrin kí Marlys tó ṣílẹ̀kùn fún un.