Okùn Tí Priamo Kọ̀ Láti So

Ní ìlú Alghero tó wà létíkun, ní àkókò tí àwọn amòòkùn ṣì ń wa iyùn lábẹ́ àpáta Capo Caccia, kò sí ẹni tí kò mọ Priamo Sechi. Bí ẹ kò bá tíì rí i, ẹ ó ti gbọ́ ohùn rẹ̀. Òun ló máa ń jókòó sí àárín ilé ọtí tó wà létíkun, tí yóò gbé ẹsẹ̀ lé àga ẹlòmíràn, tí yóò máa ròyìn bí iyùn tó gbé wálé ṣe tóbi tó.

Ṣùgbọ́n bí ẹ bá bi í pé ibo ló ti rí i, ẹ̀rín ni yóò kàn rín. "Inú òkun ni," ni yóò wí. Èsì kan náà ló ń fún Nevina ìyàwó rẹ̀ láràárọ̀.

Mi ò ní dá a lẹ́bi ju bó ṣe yẹ lọ, nítorí bí gbogbo wọn ṣe ń ṣe nìyẹn. Amòòkùn tó bá rí ihò tí iyùn wà kì í sọ ọ́ fún ọmọ ìyá rẹ̀. Bó bá ń lọ, á kọ́kọ́ darí ọkọ̀ sí ibòmíràn, kí àwọn tó ń ṣọ́ ọ láti orí òkè má baà mọ ibi tó forí lé. Irọ́ pípa ti di ara iṣẹ́ náà, ó ti bá aṣọ rọ́bà àti òòlù dọ́gba.

Ti Priamo wá pọ̀ jù. Òfin kan wà tí àwọn àgbà iṣẹ́ kì í fi ṣeré: kí o tó wọ inú ihò, so okùn mọ́ àpáta níta, níbi tí o ti ń rí ìmọ́lẹ̀ ojúmọ́, kí o sì máa tú u bí o ṣe ń wọlé lọ. Bí ojú bá ṣú, okùn náà ni yóò mú ọ jáde. Priamo kì í so okùn. Ó ní okùn lẹ́nu ihò kò yàtọ̀ sí pátákó tí a kọ "ẹ wá kó iyùn níbí" sí. Ó ní òun mọ inú ihò òun bí òun ṣe mọ yàrá òun.

Ońdè kan wà lọ́rùn rẹ̀, ẹ̀ka iyùn pupa kékeré tí wọ́n fi fàdákà dè lórí. Ìyá rẹ̀ ló so ó mọ́ ọn lọ́rùn láti kékeré nítorí ojú burúkú. Ohun méjì péré ló gbẹ́kẹ̀ lé láyé yìí: orí ara rẹ̀ àti ońdè yẹn. Ní ti ilé Ọlọ́run, ọjọ́ tí wọ́n bá ń gbàdúrà sórí àwọn ọkọ̀ ojú omi nìkan ni wọ́n ń rí i níbẹ̀.

Ẹni tó ń tukọ̀ fún un ni Bachisio Delrio. Bachisio yìí ló kọ́ ọ níṣẹ́. Ọdún mẹ́ta ṣáájú ìtàn yìí, àìsàn àwọn amòòkùn kọ lù ú, èyí tó máa ń mú ẹni tó bá yára jáde láti ìsàlẹ̀ omi. Oṣù mẹ́rin ló fi wà lórí bẹ́ẹ̀dì. Dókítà ní bó bá tún mòòkùn lẹ́ẹ̀kan péré, kó gbàgbé ẹsẹ̀ rẹ̀ méjèèjì. Orí bẹ́ẹ̀dì yẹn ló ti fi ayé rẹ̀ fún Jésù, láti ìgbà náà ló sì ti ń bá ìjọ wa kékeré jọ́sìn ní yàrá òkè ilé aránbàtà kan.

Ní àárọ̀ ọjọ́ Ìṣẹ́gun kan nínú oṣù karùn-ún, àwọn méjèèjì jókòó sínú ọkọ̀, wọ́n ń jẹ búrẹ́dì àti wàràkàṣì. Òkun dákẹ́ rọ́rọ́.

"Ẹ̀gbọ́n Pásítọ̀," ni Priamo wí, "ẹ ò tíì wàásù lónìí o. Ṣé ara yín yá?"

"Ara mi le. Okùn rẹ dà?"

"Ẹ tún ti bẹ̀rẹ̀."

"Ìbéèrè kan ṣoṣo ni mo fẹ́ bi ẹ́. Bó ò bá jáde lónìí, ibo ni kí n wá ẹ lọ?"

"Ilé ọtí ni. Ẹ ṣáà béèrè, wọ́n á ní mo wà lẹ́yìnkùlé." Ó rẹ́rìn-ín títí búrẹ́dì fẹ́rẹ̀ẹ́ há a lọ́fun.

Bachisio ò bá a rẹ́rìn-ín. "Kì í ṣe okùn nìkan ni mò ń sọ, Priamo. Ọkàn rẹ ńkọ́? O ò so ó mọ́ nǹkan kan. Ojoojúmọ́ ni mò ń gbàdúrà fún ẹ."

"Ẹ máa bá mi gbà á lọ. Tí mo bá darúgbó, tí mi ò lè mòòkùn mọ́ bíi tiyín, èmi náà á wá máa kọrin lókè ilé aránbàtà. Ẹ jẹ́ kí n lọ síṣẹ́ ná."

Ọ̀rọ̀ yẹn dun Bachisio. Mo mọ̀, nítorí ó sọ fún mi. Síbẹ̀ ó ràn án lọ́wọ́ láti gbé àgbá afẹ́fẹ́ kọ́ ẹ̀yìn, Priamo sì bẹ́ sómi.

Ó yẹ kí n sọ nǹkan kan fún yín níbí. Ibi tí Priamo ní kí wọ́n ju ìdákọ̀ró sí kọ́ ni ihò náà wà. Ó ti tó ọdún méjì tó ti ń tan ọ̀gá rẹ̀ jẹ. Bó bá ti dé ìsàlẹ̀, á rọra gba abẹ́ àpáta, á lúwẹ̀ẹ́ yí igun òkè náà ká bọ́ sí ẹ̀gbẹ́ kejì, ibẹ̀ ni á ti wọlé. Ó fi ẹni kan ṣoṣo tó lè gbà á là sílẹ̀ láti máa ṣọ́ omi tí òun kò sí lábẹ́ rẹ̀.

Yàrá méjì ló wà nínú ihò náà. Láàárín wọn ni ihò tóóró kan wà tó jẹ́ pé àyà ni ènìyàn fi ń wọ́ kọjá. Yàrá kejì ni iyùn wà, ó bo òrùlé rẹ̀ pupa fòò. Priamo tan tọ́ọ̀ṣì, ó yọ òòlù, ó bẹ̀rẹ̀ sí í gbá a sínú àpò. Ní ọjọ́ náà ó rí ẹ̀ka kan tó tóbi ju àtẹ́lẹwọ́ rẹ̀ méjèèjì lọ. Ó gbàgbé ara rẹ̀, ó fi ẹsẹ̀ tẹ ilẹ̀ kó lè rí agbára fi gbá a dáadáa.

Ẹrẹ̀ tí ẹnikẹ́ni kò fọwọ́ kàn rí dìde lábẹ́ ẹsẹ̀ rẹ̀. Ó kúnná bí ìyẹ̀fun. Kí ó tó bojú wẹ̀yìn, omi náà ti di funfun, kò pẹ́ ó di dúdú, tọ́ọ̀ṣì ò tàn kọjá ìka mọ́. Ó gbé ọwọ́ síwájú ojú, kò rí i.

Ẹ̀rù ò kọ́kọ́ bà á, ṣebí yàrá òun ni. Ó gbé òòlù lé orí àpáta, ó fọwọ́ lé ògiri, ó sì ń fi ọwọ́ wá ihò tóóró náà kiri. Ó lọ, ó lọ. Ọwọ́ rẹ̀ kan irin. Òòlù rẹ̀ ni. Ó ti yí yàrá náà ká tán, kò sì rí ọ̀nà.

Ó tún un yí. Òòlù.

Ó yí i lẹ́ẹ̀kẹta. Òòlù ni.

Ìgbà náà ni ìmí bẹ̀rẹ̀ sí í ṣòro fún un fà, nítorí afẹ́fẹ́ inú àgbá ti ń tán. Ó gòkè lọ sí òrùlé. Èémí tó ti ń mí síta níbẹ̀ láti ọdún méjì ti kó jọ sí kọ̀rọ̀ kan, kò nípọn ju ìka mẹ́rin lọ. Ó yọ rọ́bà ìmí lẹ́nu, ó na ètè sókè, ó ń mu èémí ara rẹ̀ tó ti bà jẹ́. Òòyì bẹ̀rẹ̀ sí í kọ́ ọ. Ó pariwo, "Ẹ̀gbọ́n!" Ohùn rẹ̀ kò jáde kọjá àpáta tó kan imú rẹ̀. Ó rántí ibi tó ní kí ọkọ̀ náà dúró sí.

Àánú rẹ̀ ń ṣe mí bí mo ṣe ń kọ èyí, ó sì ń bí mi nínú pẹ̀lú. Ọkùnrin pẹ̀lú gbogbo agbára rẹ̀! Kò sí èyí tó wúlò. Ó di ońdè ọrùn rẹ̀ mú, ó fún un mọ́ àtẹ́lẹwọ́ títí ó fi dùn ún. Iyùn ni. Irú rẹ̀ kún òrùlé tó wà lórí rẹ̀ lọ bí ilẹ̀ bí ẹní, kò sì sí ọ̀kan tó lè mí fún un. Ó jọ̀wọ́ rẹ̀. Ó ronú kan Nevina, tí yóò sọ fún àwọn ènìyàn pé inú òkun ló ní òun ń lọ.

Kò mọ àdúrà kankan. Ohun tó wá sí i lẹ́nu ni: "Jésù tí Ẹ̀gbọ́n Bachisio ń sìn, mi ò lè ṣe nǹkan kan mọ́." Ó tún un wí, àmọ́ ohùn ò sí níbẹ̀ mọ́.

Ọwọ́ kan di kókósẹ̀ rẹ̀ mú.

Ẹ̀yin ará, ńṣe ni Priamo bá ọlọ́wọ́ náà jà. Ó ta á nípàá, ó já gíláàsì ojú rẹ̀ kúrò, ó rọ̀ mọ́ ọn lọ́rùn bí ẹni tó fẹ́ pa á. Bí ẹni tó ń rì sómi ṣe ń ṣe nìyẹn, á máa pa ẹni tó wá gbà á. Bachisio ni ẹni náà, kò sì bá a jà padà. Ó fa rọ́bà ìmí jáde lẹ́nu ara rẹ̀, ó tì í bọ Priamo lẹ́nu. Lẹ́yìn náà ó mú ọwọ́ rẹ̀, ó fi lé okùn tó so láti ìta wá, ó pa ìka rẹ̀ dé lé e lọ́kọ̀ọ̀kan. Ó fún ọwọ́ náà lẹ́ẹ̀mejì. Láti ìgbà tí Priamo ti ń kọ́ṣẹ́, ìtumọ̀ ìyẹn ò yí padà: má ṣe nǹkan kan.

Priamo yéé jà.

Wọ́n ń tọ okùn náà nínú òkùnkùn, ìmí méjì fún ìwọ, ìmí méjì fún èmi, láti inú àgbá kan ṣoṣo. Nígbà tí wọ́n dé ihò tóóró, àpò iyùn há. Ọ̀bẹ Bachisio gé e dànù. Priamo sọ fún mi pé nígbà tó yá, òun ṣàkíyèsí pé rọ́bà náà ń padà sẹ́nu òun kíákíá jù. Bachisio ti ń fo tirẹ̀.

Ẹnu ihò ni afẹ́fẹ́ náà ti tán. Ó yẹ kí wọ́n dúró díẹ̀díẹ̀ lọ́nà bí wọ́n ṣe ń gòkè, kí àìsàn àwọn amòòkùn má baà kọ lù wọ́n, ṣùgbọ́n kí ni wọ́n fẹ́ máa mí? Wọ́n gòkè ní tààrà. Bachisio fi apá méjèèjì di ẹ̀gbẹ́ ọkọ̀ mú, ó ní, "Priamo, fà mí. Ẹsẹ̀ mi ti lọ."

Ọjọ́ mẹ́ta ni Priamo fi jókòó lẹ́gbẹ̀ẹ́ rẹ̀ ní ilé ìwòsàn, kò lè wò ó lójú. Ọwọ́ rẹ̀ wà lórí itan rẹ̀ bí ohun tí kò níṣẹ́ mọ́. Lọ́jọ́ kẹta, ó fa àga sún mọ́ bẹ́ẹ̀dì.

"Ẹ̀gbọ́n, mo purọ́ fún yín. Ibi tí mo ní kẹ́ ẹ dá ọkọ̀ ró sí, kì í ṣe ibẹ̀ ni mo ti ń..."

"Mo mọ̀."

"Ọdún méjì ni mo ti ń tàn yín."

"Mo ní mo mọ̀. Kó o tó mọ̀ ọ́n wẹ̀ ni mo ti rí ihò yẹn. Láti ọjọ́ àkọ́kọ́ tó o ti yí igun ni mo ti ń wo èémí rẹ tó ń hó lọ lójú omi. O ṣe bí ọmọ tó fọwọ́ bojú, tó ní wọn ò rí òun."

"Ẹ mọ̀, ẹ ò sì sọ̀rọ̀?"

"Mò ń dúró kó o fẹnu ara rẹ sọ ọ́. Lọ́jọ́ yẹn mo rí i pé èémí rẹ ti wọ abẹ́ àpáta, kò sì padà jáde lásìkò tó máa ń jáde. Mo gbé àgbá kejì."

Priamo bú sẹ́kún. "Ẹ sì mọ ohun tí dókítà sọ. Kí ni kí n ṣe fún yín? Ẹ sọ, ohunkóhun ni."

"Kò sí nǹkan kan."

"Ẹ jọ̀ọ́ ẹ̀gbọ́n, ẹ jẹ́ kí n ṣe nǹkan kí ara lè tù mí."

"Nínú ihò lọ́hùn-ún, kí lo ṣe tó o fi jáde?"

Priamo ronú. "Mi ò ṣe nǹkan kan. Mo kàn di okùn mú. Mo yéé jà."

"Ó tán. Bó ṣe rí pẹ̀lú Jésù náà nìyẹn. Ẹsẹ̀ lèmi fi sílẹ̀ nínú ihò yẹn. Òun fi ẹ̀mí sílẹ̀, ó sì jí dìde kó lè mú ẹ jáde. O ò lè san án padà, Priamo. Tó o bá ní o fẹ́ san án, ìjà náà lo ṣì ń jà."

Priamo kúnlẹ̀ sórí ilẹ̀ tútù náà. Ó jẹ́wọ́ irọ́ rẹ̀ àti ìgbéraga rẹ̀ níwájú Ọlọ́run, ó sì wí pé, "Olúwa, mo yéé jà." Ó bọ́ ońdè lọ́rùn, ó gbé e sórí tábìlì lẹ́gbẹ̀ẹ́ ife omi. Nọ́ọ̀sì kó o lọ pẹ̀lú abọ́ oúnjẹ.

Ní oṣù kẹfà, ó padà sí ihò náà, ó so okùn funfun mọ́ ẹnu rẹ̀ ní gbangba. Láàárín ọdún méjì lẹ́yìn náà, àwọn ẹlòmíràn ti kó iyùn ibẹ̀ tán, wọ́n sì ń fi í ṣẹ̀sín nílé ọtí. Ẹ̀rín lòun náà ń bá wọn rín.

Bachisio kò rìn mọ́ títí ó fi kú. Àtẹ̀gùn méjìlélógún ni èèyàn ń gùn kó tó dé yàrá òkè ilé aránbàtà. Fún ọdún mọ́kànlá, láràárọ̀ ọjọ́ Àìkú, Priamo ń pọ̀n ọ́n gun àtẹ̀gùn náà. Èmi tí mo ń kọ èyí ni mo máa ń ṣílẹ̀kùn fún wọn.

Ìwọ tó ń kà á ńkọ́? Mi ò mọ ihò tí o wà. Ó lè jẹ́ ọtí, ó lè jẹ́ obìnrin tàbí ọkùnrin tí kì í ṣe tìẹ, ó lè jẹ́ ohun tí o so mọ́ra tí o rò pé ó ń ṣọ́ ọ. O ti yí ògiri náà ká títí, òòlù kan náà ni ọwọ́ rẹ ń kàn. O rò pé o fi ibi tí o wà pamọ́. Ọlọ́run ti mọ̀ ọ́n láti ọjọ́ àkọ́kọ́, ó sì ti rán Ọmọ rẹ̀ wọ inú rẹ̀ wá bá ọ.

Má sọ pé ó di ìgbà tí o bá darúgbó. Wo iye afẹ́fẹ́ tó kù. Níbi tí o jókòó sí yìí, lónìí, sọ fún Jésù pé o ò lè ṣe nǹkan kan mọ́. Ọwọ́ rẹ̀ ti wà ní kókósẹ̀ rẹ. Má ta á nípàá.